Ẹjọ́ Ìyẹ̀fun Tí Kò Rù

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kan ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní bù mọ́ ọn rárá, nítorí ohun tí ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti tó mi í sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Olùdarí ni, ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe amóníà, gáàsì kan tó ń ta èèyàn nímú bí ìtọ̀ àná, tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Oyè rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ kí i láàárọ̀ gbọ́dọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó kà wọ́n tán. Àwọn òṣìṣẹ́ bá gé e kúrú, wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Pátápátá. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe o. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ náà dé etí rẹ̀, orí rẹ̀ wú, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun, sára mọ́tò òun, àti sára ife tí òun fi ń mu tíì.

Ó ní akọ̀wé kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí ìtẹríba. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí kò ju pé kó ṣáájú ọ̀gá wọ yàrá, kó sì ké pé, "Ẹ dìde o! Oòrùn kejì ń bọ̀!" Bí ọ̀gá bá sín, á ní ọgbọ́n ló pọ̀ jù lágbárí. Bí ọ̀gá bá dákẹ́, á kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀gá ronú." Ẹ má bi mí ohun tó rò. Akọ̀wé ò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Pátápátá pàdé ọkùnrin kan tó ń ru àpò ajílẹ̀ sínú ọkọ̀, tí egungun àyà rẹ̀ hàn gbangba. Ó bi í léèrè ohun tó sọ ọ́ di tín-ín-rín bẹ́ẹ̀.

"Iṣẹ́ ni, sà," ni ọkùnrin náà wí, ó sì ń bá ẹrù rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí wọ orí ọ̀gá, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Nígbà tó máa di ọjọ́ Ajé, òfin tuntun ti wà lára ògiri: Ẹni Tó Bá Ṣiṣẹ́ Á Rù. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò ajílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní kí Baba Géètì, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ibẹ̀, máa wọn gbogbo òṣìṣẹ́ bí wọ́n bá ń wọlé láàárọ̀ àti bí wọ́n bá ń jáde nírọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá fúyẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ, a jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ méjì péré ni òfin náà fi yọ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ń kó òkúta sápò wá láàárọ̀, wọ́n á sì dà á nù sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Obìnrin kan tó jẹ́ atẹ̀wé a máa mu omi ìgò mẹ́rin lójú Baba Géètì kó tó gun òṣùwọ̀n. Ọkùnrin oníṣirò kan gbé irin ìlọṣọ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì wá, ó dà bí aboyún oṣù méje. Gbogbo rẹ̀ ni Baba Géètì ń rí. Kò bá ẹnikẹ́ni wí, ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ ló ń kọ. Nígbà tí oṣù parí, ọ̀gá lọ sórí rédíò, ó kéde pé iléeṣẹ́ òun ti rù ní tọ́ọ̀nù méjì, àti pé irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láyé.

Ẹ ò bi mí pé òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan bèèrè bẹ́ẹ̀ nípàdé. Akọ̀wé fò dìde, ó ní, "Òṣùwọ̀n wo ló lè gbé ìrònú?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àga tí ọ̀gá jókòó lé sì ń ké lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Ní yàrá kan tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú iléeṣẹ́ yìí ni obìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìyẹ̀fun, nítorí pé ìyẹ̀fun kì í kúrò léèékánná rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń tú amóníà ká. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín, bí òun náà ṣe máa ń sọ ọ́ fún àlejò ni mo fẹ́ sọ ọ́. Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ háídírójìn. Bí ẹ bá sun ún nínú ẹ́ńjìnnì, iná mànàmáná á dé, èéfín ò sì ní sí, omi lásán ló máa kù. Àmọ́ gáàsì náà fúyẹ́ jù, kò sì gbé inú ìgò, gbígbé e kiri wàhálà ni. Amóníà ló rọrùn láti gbé, bẹ́ẹ̀ háídírójìn kún inú rẹ̀ bámúbámú. Nítorí náà, amóníà ni wọ́n á gbé dé ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ iná, níbẹ̀ ni wọ́n á ti tú u ká.

Ibi tí wàhálà wà ni pé amóníà kì í gbà kí wọ́n tú òun ká bọ̀rọ̀. Àfi kí wọ́n dáná sí i bí ẹni ń yọ́ irin, tàbí kí amúṣẹ́yá wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú iṣẹ́ yá tí òun fúnra rẹ̀ ò sì bá iṣẹ́ náà lọ. Amúṣẹ́yá ti Ìyá Ìyẹ̀fun ni irin kan tí wọ́n ń pè ní níkẹ́ẹ̀lì, tó kúnná, tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun seríọ́mù. Seríọ́mù wà lára àwọn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní èròjà ilẹ̀ ọ̀wọ́n. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ o. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ọmọ ìyá ni, yíyà wọ́n ló le. Ọdún méje gbáko ni obìnrin yìí fi pò ó, tó yan án, tó dà á nù, tó tún pò ó, kó tó rí èyí tó mọṣẹ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń tan iná sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́. Ìyẹ̀fun náà ò yàtọ̀ sí agbẹ̀bí: ọmọ á jáde, ìyá ọmọ á dìde, agbẹ̀bí á fọwọ́, á lọ dúró de ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Pátápátá wá yẹ yàrá ẹ̀yìn wò, Ìyá Ìyẹ̀fun ti fọ ilẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ti wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun. Ohun kan wà tó fẹ́ fi yangàn, inú rẹ̀ ń dùn sí i láti òwúrọ̀.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi," ni ọ̀gá wí, ó na ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ sí ẹ̀rọ. "Àwa ń ṣe amóníà níwájú, ẹ̀yin ń bà á jẹ́ lẹ́yìn. Ṣé ọ̀tá wa lẹ jẹ́ ni?"

"Rárá o, sà. A ò bà á jẹ́. Iná là ń fi ṣe."

"Ìyẹ̀fun tó wà nínú páìpù yìí, kílò mélòó lẹ dà sí i léṣìí?"

"Kílò mẹ́rin, sà."

"Mélòó ló kù?"

Ayọ̀ kún inú Ìyá Ìyẹ̀fun. Ìbéèrè tó ti ń retí nìyí, tí ẹnikẹ́ni ò bi í rí.

"Kílò mẹ́rin náà ló ṣì jẹ́ o, sà! Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí. Kò dín rárá!"

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá rọra yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Odidi ọdún kan," ló wí, "kò rù! Ohun tó wọlé ní kílò mẹ́rin, tó tún jáde ní kílò mẹ́rin, kí ló wá ń ṣe níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Sà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Òun kọ́ ló ń jó. Ó kàn ń…"

"Ó kàn ń wòran ni!" ni akọ̀wé bá a parí ọ̀rọ̀, ọ̀gá sì rẹ́rìn-ín tí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ rí mọ bí àwọn èèyàn yìí ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ìwé kúẹ́rì dé yàrá ẹ̀yìn. Wọn ò kọ ọ́ sí Ìyá Ìyẹ̀fun o. Ìyẹ̀fun gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí, pé kó ṣàlàyé láàárín ọjọ́ méjì ìdí tí wọn ò fi gbọdọ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ìmẹ́lẹ́. Ìyá Ìyẹ̀fun rò pé àwàdà ni. Ó fi ìwé náà han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ méjì kọjá, ìyẹ̀fun ò fèsì, wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ní kó tú ìyẹ̀fun jáde kúrò nínú páìpù. Wọ́n dà á sínú àwo tánńganran funfun kan, wọ́n gbé àwo náà ka orí àga níwájú ìgbìmọ̀. Akọ̀wé tẹ̀ síwájú, ó wo inú àwo.

"Ìyẹ̀fun, ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

Ìyẹ̀fun dákẹ́.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fojú di ìgbìmọ̀."

Ìyá Ìyẹ̀fun ò lè mú un mọ́ra. Ó dìde, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bó ṣe wúwo sí. Ohun tó ń ṣe ni kẹ́ ẹ wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, amóníà á wọlé, á gba inú páìpù gbígbóná kọjá, á sì jáde bó ṣe wọlé."

"Ìyá," ni ọ̀gá wí, ó gbé ohùn rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọrin, "nígbà tí wọ́n bí mi, àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé mi ò sunkún. Mo wò yíká ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dá ọ̀lẹ mọ̀. Ọ̀lẹ lè jókòó sórí àga. Ọ̀lẹ lè jókòó sínú páìpù. Ibi yòówù tó bá jókòó sí, ojú mi tó o!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà: kí wọ́n lé ìyẹ̀fun kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n tì í mọ́ ilé ìkẹ́rùsí, kí wọ́n sì fi èdìdì sí ilẹ̀kùn. Àpò seríọ́mù kan tó ṣẹ́ kù, tí Ìyá Ìyẹ̀fun ń tọ́jú pa mọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa fi dán dígí tó bo àwòrán ńlá ọ̀gá tó wà ní gbọ̀ngàn, torí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ó ń mú dígí dán. Lóòótọ́ ló ń mú un dán. Bí wọ́n ṣe ń fi í nu dígí ló ń dín kù, inú ọ̀gá sì dùn gan-an sí i. Ó ní, "Ẹ wò ó! Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí!"

Ó wá ku Ìyá Ìyẹ̀fun. Kọmíṣọ́nà ń bọ̀ wá wo iléeṣẹ́ ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá ní lójú Kọmíṣọ́nà ni ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́ láìsí ìyẹ̀fun. Tó bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé Ìyá Ìyẹ̀fun ti ń tan iléeṣẹ́ jẹ fún ọdún méje, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé tí iléeṣẹ́ fún un. Tí kò bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ó ti ba ẹ̀rọ jẹ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé tí iléeṣẹ́ fún un.

"Sà," ni obìnrin náà wí, "bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, kò síbi tí mo lè gbà."

"Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìdájọ́ tó dúró ṣinṣin," ni ọ̀gá fi dá a lóhùn.

Ilé náà kì í ṣe ààfin o. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, lọ́wọ́ ẹ̀yìn iléeṣẹ́, tí páànù rẹ̀ ń jò lápá kan. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Ìyá Ìyẹ̀fun ti tọ́ ọmọ mẹ́ta dàgbà, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì ni ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, gbé àga àti dígí rẹ̀ sí. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ọkọ rẹ̀ ń gbá irun jọ nílẹ̀. Obìnrin náà jókòó sórí àga oníbàárà, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá ọmọ mi, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n lé ìyẹ̀fun mi." Ó rò gbogbo rẹ̀ fún un. "Ọdún méje, bàbá ọmọ mi. Ẹni tí kò lè se omi gbígbóná ló ń sọ pé ọ̀lẹ ni."

Ọkùnrin náà gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. "O ò rọra dá a padà sínú páìpù? Ta ló máa mọ̀?"

"Tí mo bá dá a padà, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kò nílò ìyẹ̀fun, wọ́n á lé mi. Tí mi ò bá dá a padà, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́, wọ́n á ní èmi ni mo bà á jẹ́. Èyí tó tiẹ̀ burú jù, ọ̀gá ní kí wọ́n fa páìpù tó ń gbé èéfín ẹ́ńjìnnì jáde gùn títí dé abẹ́ tábìlì àwọn àlejò pàtàkì. Ó gbọ́ pé omi lásán ló ń jáde nínú rẹ̀, ó ní kó máa fẹ́ wọn létí bí atẹ́gùn òwúrọ̀. Omi kọ́ ló máa jáde lọ́jọ́ náà, amóníà ni!"

Onígbàjámọ̀ jókòó tì í. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí mo máa ń ṣe tí oníbàárà bá wá, tó ní irun tó jọ tẹni orí rẹ̀ ò pé ni kí n gẹ̀ fún òun? Mi kì í bá a jiyàn. Màá gbé dígí fún un, màá ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ yín fi ibi tí ẹ fẹ́ kí n gé hàn mí, ẹ sì sọ ọ́ sókè kí àwọn tó jókòó lè gbọ́.' Tó bá ti sọ ọ́ tán, màá gé e. Tó bá délé tí ìyàwó rẹ̀ pariwo, òun ló mọ̀. Lọ kọ ìwé sí i. Kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ ní kíkún, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun gbà."

Ìyá Ìyẹ̀fun nu ojú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọ ọ́ kedere pé láìsí ìyẹ̀fun, amóníà ò ní túká. Pé ẹ́ńjìnnì ò ní lè lò ó. Pé abẹ́ tábìlì àwọn àlejò ló máa jáde sí. Àti pé á ta wọ́n lójú, á sì ta wọ́n nímú. Ó ní òun bẹ ọ̀gá kí wọ́n dá ìyẹ̀fun padà, tàbí ó kéré tán kí wọ́n gé páìpù náà kúrú.

Ọ̀gá ò kà á dé ìsàlẹ̀. Ó mú gègé oníwúrà rẹ̀, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: "Mo ti rí i. Kí ìyẹ̀fun wà níbi tó wà. Kí gáàsì náà kọjá bó ṣe wà. Kí páìpù náà wà níbi tí mo fi í sí. Ẹ̀rù kì í bà mí." Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i, pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, títí tí ìwé náà fi tán lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú pé. Wọ́n ta àgọ́ funfun síwájú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n to àga olówó iyebíye sí i. Kọmíṣọ́nà dé lásìkò, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ ju ohun tó yẹ lọ. Àwọn ọ̀gá kéékèèké tẹ̀ lé e, gbogbo wọn dé fìlà. Ìyá Ìyẹ̀fun dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó ti pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, ó sì ti rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú wọn, nítorí pé omi máa ń gba amóníà mu. Akọ̀wé bi í ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní òun fẹ́ fi nu ilẹ̀ ni.

Ọ̀gá Pátápátá gun orí àga pẹpẹ, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bí ẹni di ọmọ mú.

"Ẹ̀yin ọmọ aráyé!" ló fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ò pé ọgọ́ta. "Kí n tó dé, òkùnkùn ló wà níbí! Lẹ́yìn mi, ẹ má bi mí, torí mo ṣì wà! Lónìí, ẹ máa rí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí olùrànlọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe ń ronú láìsí olùrànlọ́wọ́! Ẹ ṣí gáàsì!"

Ìyá Ìyẹ̀fun wo Kọmíṣọ́nà, ó wo ọ̀gá. Ó ní, "Sà, ṣé kí n ṣí i bẹ́ẹ̀ náà?"

"Mo ti kọ ọ́ fún yín! Ẹ ṣí i!"

Ó ṣí i díẹ̀, ìwọ̀n tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Lábẹ́ tábìlì àwọn àlejò pàtàkì, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bi mí léèrè," ni ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "pé báwo ni mo ṣe di irú ẹni tí mo jẹ́…"

Omi bọ́ lójú ọ̀gá kékeré tó jókòó lápá òsì. Lẹ́yìn náà ló bọ́ lójú ẹnì kejì rẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo ìlà iwájú ló ń sunkún. Akọ̀wé rí wọn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò sókè.

"Ọ̀gá, ẹ wo ojú wọn! Ọ̀rọ̀ yín ti wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara!"

Ọ̀gá wò wọ́n, ojú tirẹ̀ náà ń ṣomi. Ó rò pé títóbi òun ló ń pa òun lẹ́kún. Ó gbóhùn sókè sí i. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe borí ìgbóná nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, nígbà tí òórùn náà wá dé tán pátápátá.

Ẹ̀yin náà mọ òórùn amóníà, mo ti sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀ ohun tó jọ. Àwọn ọ̀gá kéékèèké wo ara wọn. Wọ́n wo abẹ́ àga ara wọn. Ọ̀kan fa ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ìfura. Nígbà tí wọn ò rí ohunkóhun nílẹ̀, gbogbo wọn gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wo iwájú ṣòkòtò Ọ̀gá Pátápátá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," ni ọ̀kan nínú wọn wí, tàánútàánú. "Àgbà ló dé."

Bí ẹnì kan ṣe ń wúkọ́ lẹnìkejì ń sín, fìlà ń já bọ́, àwọn èèyàn ń sá gba abẹ́ àgọ́ jáde. Ìyá Ìyẹ̀fun ti pa gáàsì. Ó ń sáré káàkiri, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì tútù lé wọn lọ́wọ́, ó ń ní kí wọ́n fi bo imú, kí wọ́n kúrò níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ gáàsì náà lọ. Kò sẹ́ni tó fara pa. Akọ̀wé, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata, ṣì ń ké láti ẹ̀yìn ọ̀pá àgọ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti ju agbára èèyàn lọ.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ mọ́, Kọmíṣọ́nà yọ táwẹ́ẹ̀lì lójú.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni, mà!" ni ọ̀gá wí, ó na ọ̀pá sí akọ̀wé.

"Obìnrin yẹn ni, mà!" ni akọ̀wé wí, ó nawọ́ sí Ìyá Ìyẹ̀fun.

Ìyá Ìyẹ̀fun ò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìwé lé Kọmíṣọ́nà lọ́wọ́. Kọmíṣọ́nà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn oyè náà sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyè kan ò ṣe é sẹ́. Ẹni mìíràn ò sì ní wọn lórílẹ̀ ayé. Nígbà tó ka ìkẹtàlá, Ọ̀gá Pátápátá ti ń wá ibi tó máa jókòó.

"Ìyá," ni Kọmíṣọ́nà wí, "ẹ dá ìyẹ̀fun yín padà. Mo máa dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Wọ́n já èdìdì, Ìyá Ìyẹ̀fun fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo náà bọ̀, ó kó ìyẹ̀fun sínú páìpù, ó rọra mú un gbóná bó ṣe yẹ, kò kánjú nítorí ẹnikẹ́ni. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó ṣí gáàsì. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wá mú ohùn, ó ń dún gééré. Ní ilé ìwòsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gílóòbù tó ti kú láti ọjọ́ tí wọ́n lé ìyẹ̀fun tàn láti yàrá dé yàrá, àwọn nọ́ọ̀sì hó yèè. Ìyá Ìyẹ̀fun fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Inú obìnrin náà dùn, mo sọ fún yín, ó dùn dénú.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ìwé dé láti ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà. Ó ní kí Ọ̀gá Pátápátá lọ sinmi fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi wo ohun tó máa dúró tí kò bá sí níbẹ̀. Oṣù kìíní, ajílẹ̀ ń jáde. Oṣù kejì, ajílẹ̀ ń jáde, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti gbé òṣùwọ̀n kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dá a padà síbi àpò. Oṣù kẹta pé, kò sí nǹkan kan tó dúró, àfi ariwo. Ìwé kejì dé, ó kúrú: wọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ti wà níbòmíràn, ó ń kí ọ̀gá mìíràn ní oòrùn kejì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìyẹ̀fun ń lọ síbi iṣẹ́, ó bá Ọ̀gá Pátápátá lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó so táì. Èèyàn bíi mẹ́jọ tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìwé àwọn àlejò wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, Baba Géètì ò sì jẹ́ kó kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, gbogbo àlejò ló ń kọ ọ́," ni Baba Géètì ń sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ kọ orúkọ. Ẹ wá kọ ohun tí ẹ wá ṣe síbẹ̀ yẹn."

Ọkùnrin náà ti kọ orúkọ rẹ̀, ó gba ìlà mẹ́ta. Gègé rẹ̀ dúró sórí ibi tó kàn. Ó gbójú sókè, ó rí Ìyá Ìyẹ̀fun.

"Ìyá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré, "ẹ̀yin náà wà níbí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbí. Kí ni mò ń ṣe gan-an?"

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Ìyẹ̀fun, kò mọ ibi tí àánú ọ̀hún ti wá. Kò sì fẹ́ purọ́ fún un. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá gbogbo ọdún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wá nǹkan kan tó lè dì mú.

"Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa, sà," ló wí níkẹyìn.

Ojú ọkùnrin náà tún là díẹ̀. Ó dúpẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ ìwé tó rẹwà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wá sọ̀rọ̀, ó sì yí ìwé náà sí Baba Géètì.

Baba Géètì mú ìwé mìíràn jáde, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mo ti wò ó, sà," ló wí. "Kò sẹ́ni tó sọ pé òun ń retí ọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ wọlé."